Ọ̀bẹ Méjì: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwòrán Àlẹ̀pọ̀, Ipò Obìnrin àti Ìpanilẹ́numọ́

Mo mọ̀ pé bí ìwé yìí bá ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́, àwòrán ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó ka ọ̀rọ̀. Olúkúlùkù yóò wá ojú ara rẹ̀, yóò wá ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò sì rẹ́rìn-ín sí irun àti ṣòkòtò ìgbà náà. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa nígbà tí a bá ń ṣí ìwé aláwòrán: ta ni kò sí níbẹ̀? Ta ni ó yan àwọn tó wà níbẹ̀, ta ni ó sì yọ àwọn tó kù kúrò?

Lórí ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò wọ́n rárá, tí àwọn ọmọ wa lè fi ìwé ìròyìn àtijọ́, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù ṣe. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ọ̀bẹ méjì ni ó wà láyé. Ọ̀bẹ kan ń gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ nù kí etí má baà gbọ́ ọ. Ọ̀bẹ kejì ń gé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀, kí ẹni tí a kò fún láyè lè tún un tò, kí ó sì fi sọ tẹnu rẹ̀. Èkíní ni ìpanilẹ́numọ́. Èkejì ni ọ̀bẹ ẹni tí ń ṣe àwòrán àlẹ̀pọ̀. Àti òbí àti olùkọ́, ó yẹ kí á mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Kí ni àwòrán àlẹ̀pọ̀?

Àwòrán àlẹ̀pọ̀ ni èyí tí a gé àjákù oríṣiríṣi àwòrán, tí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ di odidi kan. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní collage. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti tó ọgọ́ta ọdún nínú wa yóò rántí yàrá tí wọ́n fi ojú ewé ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ògiri, yóò rántí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí a fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò léyìn kí ó má baà ya. Yóò rántí Atọ́ka, ìwé tí í fi fọ́tò to eré àwọn òṣèré wa lẹ́sẹẹsẹ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń bẹ lára àwòrán.

Ohun tí àwòrán àlẹ̀pọ̀ fi yàtọ̀ ni pé ó máa ń yí ìtumọ̀ padà. Gé àwòrán obìnrin kan tí wọ́n fi ń polówó ìpara, kí o gbé e sí iwájú àga adájọ́: obìnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ ti di òmíràn. Gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún yí. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní wo ìwé ìròyìn bí ẹni tí a fi oògùn oorun kùn lójú mọ́. Ó ti mọ̀ pé ẹnìkan ni ó to àwòrán yẹn síbẹ̀, àti pé ẹlòmíràn lè tò ó lọ́nà mìíràn.

Obìnrin tó mú ọ̀bẹ ilé ìdáná

Lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń wò ni obìnrin ará Jámánì kan, Hannah Höch. Ìlú Gotha ni a bí i sí ní ọdún 1889, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15, wọ́n mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè máa tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó kéré jù. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Mélòó nínú wa ni kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin tó fi ìwé sílẹ̀ kí àwa lè kàwé? Ọdún 1912 ni Hannah tó rí ààyè lọ sí Berlin láti kọ́ iṣẹ́ ọnà.

Láti ọdún 1916 títí di 1926, ó ń fi ọjọ́ 3 nínú ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ullstein. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya bátànì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti aṣọ híhun fún àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn obìnrin ń kà, bíi Die Dame. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán obìnrin kì í wọ́n. Höch mọ inú ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ náà. Ó ń rí bí a ṣe ń yan ojú tó yẹ kí obìnrin ní, aṣọ tó yẹ kó wọ̀, àti ẹ̀rín tó yẹ kó rín.

Ní ọdún 1918, òun àti ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Raoul Hausmann, lọ sí etí òkun Baltic. Wọ́n rí àwòrán ìrántí ọmọ ogun lára ògiri àwọn ilé níbẹ̀. Ara ọmọ ogun kan náà ni wọ́n tẹ̀ sórí gbogbo wọn. Orí nìkan ni ó yàtọ̀, nítorí pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ti lẹ fọ́tò orí ọmọ tiwọn mọ́ ọrùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí wọn lọ́kàn: bí a bá lè fi orí lẹ ọrùn láti yin ológun, a lè ṣe é láti bi àwọn alágbára léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1920, ẹgbẹ́ Dada, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí ogun 1914 sí 1918 ti mú kí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ sú, ṣe ìpàtẹ àwòrán ní Berlin. Méjì nínú àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ náà, George Grosz àti John Heartfield, kò fẹ́ kí Höch pàtẹ tirẹ̀ rárá. Hausmann ni ó ta kú pé bí kò bá sí tirẹ̀, òun náà kò ní pàtẹ. Báyìí ni àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù ṣe dé ojú ògiri. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 114, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 90. Orúkọ gígùn kan ni ó fún un, tó dá lórí fífi ọ̀bẹ ilé ìdáná gé ìgbà àwọn ọlọ́tí oníkùn ńlá tí ń ṣe ìjọba Jámánì.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò, Wilhelm Kejì, wà níbẹ̀. Orí ọ̀gágun Hindenburg wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara obìnrin oníjó ni ó gbé e lé. Einstein náà ń bẹ níbẹ̀. Ní àárín gan-an, orí Käthe Kollwitz, obìnrin tí wọ́n yàn sínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ ọnà ti Prussia ní ọdún 1919, ń fò lókè ara obìnrin oníjó kan. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ayàwòrán sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, Höch lẹ àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tó ń fi àwọn orílẹ̀-èdè tí obìnrin ti lè dìbò hàn. Ó sì lẹ orí ara rẹ̀, kékeré báyìí, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ náà. Àwa náà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọdún 1976 ni àwọn obìnrin ìhà Àríwá orílẹ̀-èdè wa tó gbà á.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí a ṣe rántí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Dada, Hans Richter, kọ ìwé nípa ìgbà náà, lára ohun tó yìn ín fún ni búrẹ́dì, ọtí àti kọfí tó ń wá fún àwọn àlejò nígbà tí owó kò sí. Kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé a lè fi ìyìn gé ènìyàn kúrò nínú ìtàn. Ẹni tí a bá ń yìn fún oúnjẹ nìkan, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀.

Kí á má sì sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1924, ó gé àwòrán ère ilẹ̀ Áfíríkà àti ti àwọn ilẹ̀ mìíràn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara àwọn obìnrin Yúróòpù. Ó fẹ́ fi bi í léèrè bí a ṣe ń gbé obìnrin kalẹ̀ bí ohun ìwòran. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn tó gbẹ́ ère náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ń jà kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lè gbàgbé ohùn ẹlòmíràn. Kí àwọn ọmọ wa kọ́ èyí pẹ̀lú.

Ọ̀bẹ ọba

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀bẹ kejì. Nínú ìwé Jeremiah orí 36, a kà nípa Ọba Jehoiakimu tó jókòó nínú ilé ìgbà òtútù, tí iná ń jó níwájú rẹ̀. Jehudi ń ka ìwé tí Jeremiah sọ tí Baruku sì kọ. Bí ó bá ti ka ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba yóò fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, yóò sì jù ú sínú iná, títí gbogbo ìwé náà fi jóná tán. Àwọn ìjòyè kan bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ẹ wo ohun ìyàlẹ́nu kan: ọ̀bẹ tí akọ̀wé fi ń tọ́jú kálàmù rẹ̀ ni ọba fi pa ọ̀rọ̀ run. Ohun èlò kan náà ni. Ọkàn ẹni tó mú un ló yàtọ̀.

Ohun tí Jehoiakimu ṣe nínú ilé rẹ̀, ìjọba Nazi ṣe é ní gbangba. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1933, wọ́n dáná sun ìwé ní Berlin àti ní àwọn ìlú Jámánì mìíràn. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n lé Kollwitz kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1937, wọ́n kó àwọn àwòrán tó lé ní 600 jọ sí Munich, wọ́n pè wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ìdíbàjẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìpàtẹ Höch tí a ti ṣètò fún ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Dessau ní ọdún 1932 kò wáyé mọ́, kò sì lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìjọba náà. Ní ọdún 1939, ó kó lọ sí ilé kékeré kan ní Heiligensee, ní etí ìlú Berlin. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbin òdòdó, ibẹ̀ náà ni ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí títí ogun fi parí.

Ṣé ọ̀bẹ ọba borí? Jeremiah mú ìwé mìíràn, Baruku tún un kọ, a sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Ní ti Höch, ní ọdún 1976, Paris àti Berlin jọ pàtẹ iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1978, ní ọmọ ọdún 88. Àwòrán ọ̀bẹ ilé ìdáná náà wà ní Berlin di òní olónìí.

Nílé tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìkan ni èyí. Àwa tí a ti ń ka ìwé ìròyìn ní ọdún 1987 rántí pé ìjọba ológun ti Newswatch pa fún oṣù 6. Àwọn obìnrin wa náà sì ti jẹ nínú ìyà yìí. Chris Anyanwu ni ó ń tẹ ìwé ìròyìn The Sunday Magazine, tí a mọ̀ sí TSM. Ní ọdún 1995, nítorí ìròyìn nípa ìdìtẹ̀ gbàjọba tí wọ́n ní ó fẹ́ wáyé, àwọn ológun gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Wọ́n dín in kù sí ọdún 15 lẹ́yìn náà. Ọdún 1998 ni ó jáde, àjọ UNESCO sì fún un ní ẹ̀bùn òmìnira ìròyìn ní ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn Imo dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, ẹ wo Njideka Akunyili Crosby, tí a bí sí Enugu ní ọdún 1983, ọmọ Dora Akunyili tó gbógun ti oògùn ayédèrú. Queen's College ní Èkó ni ó ti ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó máa ń mú fọ́tò láti inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà àti láti inú àwòrán ìdílé, yóò sì tẹ̀ wọ́n mọ́ ara aṣọ, ògiri àti ilẹ̀ yàrá nínú àwòrán ńlá tó ń kùn. Ní ọdún 2017, ó gba ẹ̀bùn MacArthur. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá fi di àkàrà ni ó fi ń sọ ìtàn ilé rẹ̀ fún aráyé.

Bí àwọn ọmọ wa ṣe lè ṣe é

1. Ẹ kó ohun èlò jọ: ìwé ìròyìn àtijọ́, ìwé bátànì àwọn aránṣọ, kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí líle, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwòrán ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má gé ojúlówó.

2. Ẹ kà á kí ẹ tó gé e. Ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú ìwé kan. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe? Mélòó ni a kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán, mélòó ni a kàn pè ní ìyàwó lágbájá?

3. Ẹ yan ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwòrán tó bá fẹ́ sọ ohun mẹ́wàá kì í sọ ọ̀kankan yékéyéké.

4. Ẹ tò ó láì lo gọ́ọ̀mù. Ẹ sọ ẹni tó kéré di ńlá, kí ẹ gbé ẹni tó wà ní igun wá sí àárín. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un wò.

5. Ẹ má ju ìwé tí ẹ gé inú rẹ̀ sọ nù. Ihò tó kù sílẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lẹ ìwé oníhò mọ́ páálí, gbogbo ẹni tó bá wò ó yóò béèrè ẹni tí a yọ kúrò. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn tó èyí láti fi ìpanilẹ́numọ́ han ọmọdé.

6. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì gbé ìwé wúwo lé e mọ́jú.

7. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún tó dúró níwájú Mose láti béèrè ogún bàbá wọn, a kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Ohùn wọn yí òfin padà, orúkọ wọn kò sì parun.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí àgbà gé?

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Mo fẹ́ dá a lábàá pé ní àjọ̀dún tó ń bọ̀, kí á fi ògiri kan nínú gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ fún irú àwòrán yìí láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, kí àwọn ọkùnrin náà sì lè kópa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ náà kò ní lọ láì sí àwòrán tí yóò dun ẹnìkan nínú wa. Ẹ jẹ́ kí á rò ó báyìí: ọmọbìnrin kan lẹ àwòrán ìyá tó ru igi, tó pọn ọmọ, tó sì ń se oúnjẹ, bàbá sì jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ọjọ́ ìsinmi.” Bàbá kan yóò ní kí wọ́n yọ ọ́. Kí ni a ó ṣe?

Èmi kò sí lára àwọn tó ń wí pé kí àgbà má gé ohunkóhun. Òbí tó bá gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọdé, ààbò ni ó ṣe. Olùkọ́ tó bá yọ àwòrán tó fi akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣe ẹlẹ́yà, ó ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n kí á tó gé, ó yẹ kí á bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ta ni gígé yìí ń dáàbò bò, ṣé ọmọ ni, àbí iyì àwa àgbà? Èkejì: ǹjẹ́ a lè sọ ìdí rẹ̀ lójú ọmọ náà àti lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láì tijú? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ọmọ náà láyè láti dáhùn, kí ó sì tún un ṣe? Bí ìdáhùn wa bá jẹ́ iyì wa, ìkọ̀kọ̀ àti rárá, ọ̀bẹ Jehoiakimu ni ó wà lọ́wọ́ wa, bí a tilẹ̀ wọ aṣọ àlùfáà.

Ní ti àwòrán bàbá oníwèé ìròyìn, èrò tèmi ni pé kí ó wà níbẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn fi ohun tó ń rí nílé hàn wá ni. Bí ó bá dun bàbá kan, kí ó dá a lóhùn pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, tàbí kí ó dìde lọ ru igi náà ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Àwọn àgbà wa kò pa irọ́ nígbà tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀bùn nílò ẹni tí yóò di èkù mú fún un: olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ, òbí tí yóò ra gọ́ọ̀mù, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí yóò fi ìwé ìròyìn wọn àtijọ́ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ dípò kí wọ́n tà á fún oníbọ́lì. Höch nílò ọkùnrin kan tó ta kú pé bí kò bá sí tirẹ̀, tòun náà kò ní sí. Jeremiah nílò Baruku. Ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì wa lónìí, ta ni yóò dúró tì í?

Fún àṣàrò nínú ilé

Kí òbí àti ọmọ jọ ṣí ìwé àjọ̀dún yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin mélòó ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni a sì kọ sábẹ́ àwòrán wọn? Àwọn wo ni ó ṣiṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ yìí tí a kò rí ojú wọn, bíi àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ wa àti àwọn ìyàwó olùkọ́ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn? Ẹ wá fọ́tò ọ̀kan nínú wọn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ṣe àárín àwòrán àlẹ̀pọ̀ yín àkọ́kọ́.

Kí Ọlọ́run tó dá ọ̀rọ̀ tó jóná padà sórí ìwé má ṣe jẹ́ kí ohùn ọmọ wa kankan sọ nù mọ́ wa lọ́wọ́.